Àga Oníbúta

Nígbà tí odò Yewa bá fà sẹ́yìn nínú ọ̀gbẹlẹ̀, yanrìn a yọ sí wa bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Funfun báláú ni. Ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo obìnrin àdúgbò wa ní Agosasa lè jókòó lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹnì kan má kan ìdí ẹnì kejì. Kò sí ẹni tó ni ín. Ọlọ́run ló tẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ ni àwa ìyá Ẹgbẹ́ Ìfẹ́lódùn ti ń ṣe ọjọ́ kejì ìtúnu ààwẹ̀ láti ìgbà tí ọmú wa ṣì dúró lórí àyà. A ó ru ẹní, a ó ru mọ́ínmọ́ín, a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, a ó ki ẹsẹ̀ bọ odò. Lẹ́yìn náà ni a ó wá máa pe orúkọ ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin ni a fi ń pè é:

*Mẹ̀dínátù o, ṣé o wà ńlé?*
*Odò ń ṣàn, ṣé o wà ńlé?*

Èmi Mẹ̀dínátù tí wọ́n pè á gbé e:

*Mo wà o, mo ṣì wà,*
*Ẹnu ara mi ni mo fi jẹ́ ẹ.*

Bí ẹni tí a pè bá ti kú, gbogbo wa la ó jẹ́ ẹ fún un: *Ó wà o, ó wà lọ́kàn wa.* Ẹkún á dé, ẹ̀rín á dé, mọ́ínmọ́ín á tán. Ààfáà kan sọ fún wa nígbà kan pé kò sí nínú ìwé. A ní, "Ààfáà, ẹ máa ka ìwé yín, ẹ jẹ́ ká máa kọ orin wa." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gba mọ́ínmọ́ín méjì.

Jẹ̀mílátù ọ̀rẹ́ mi ni olórin wa. Bó bá pe orúkọ rẹ, wàá rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà òjò tó kọjá, àìsàn mú un lápá kan, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ohùn náà sì di tín-ín-rín bí òwú. Nígbà tí ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó parí, mo lọ kí i. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Mẹ̀dínátù, ẹ gbé mi dé odò lọ́dún yìí. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi jẹ́ orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹ fún mi."

Mo ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Ìwọ ni wàá sin èmi."

Ó ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ta ni yóò gbé ọ? O ò wo bí ìdí ẹ ṣe tóbi tó?"

A rẹ́rìn-ín títí Toheebat ọmọ rẹ̀ fi sáré wọlé wá wò ó bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo ṣèlérí fún un. Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni n ó fi pọ̀n ọ́n, yóò dé etí omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àga kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí ara wa ṣì le, tí a ń lọ tí a ń bọ̀ ní ọjà Owódé, ẹgbẹ́ wa dá owó jọ, a ra àga oníke funfun, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà máa wá àga kiri bí òkú tàbí ìkómọ bá dé bá a. Púpọ̀ nínú wa kò mọ̀wé. Nítorí náà a ní kí akunlé ya búta sí ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan, búta aláwọ̀ ewé, irú èyí tí a fi ń ṣe àlùwàlá, kí ẹni tí kò kàwé lè mọ̀ pé tiwa ni. Èmi ni mo mú búta tèmi wá kó fi wo àpẹẹrẹ. Ilé Àlájà Asiyah, ìyá ẹgbẹ́ wa, ni a kó wọn sí. Nígbà tí Asiyah kú, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ Sàláúdéènì ni wọ́n wà. A gbé ọwọ́ lé e lórí, a ṣàdúrà, a kọrin fún un pé òun ni olùtọ́jú àga. Ọmọ tí gbogbo wa jọ pọ̀n ni. Ta ni yóò máa yọjú wo ohun tó fi sí ìkáwọ́ ọmọ ara rẹ̀?

Nígbà tó yá, bí a bá béèrè àga, á ní, "Màmá, díẹ̀ ti fọ́." Bó bá tún yá, á ní ìyókù wà níbi ìnáwó kan ní Ìpókíá. A ní kò burú. A bẹ̀rẹ̀ sí í háyà tẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kejì ìtúnu dé. Bàrúwà fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá rẹ̀ gbé wa. Jẹ̀mílátù wọ léèsì funfun, ó lé tìróò, ó ní bí ojú òun bá máa rí odò, kí odò náà rí ojú òun. Toheebat gbá a mọ́ra. Èmi gbé ẹní lé itan. Àwọn ìyá yòókù wà nínú kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀lé wa. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń dá orin, tí wọ́n ń gbè é, tí Bàrúwà ń tẹ fèrè sí i. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé eékún ń dùn mí.

Ká tó rí omi ni a ti gbọ́ sípíkà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, n kò rí yanrìn. Lọ́dún tó kọjá, àga mélòó kan ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́tẹ̀ yìí, àga ló bẹ̀rẹ̀ láti ìdí koríko títí wọ inú odò. Àga búlúù, àga pupa, agboòrùn lórí agboòrùn, ẹsẹ̀ àga mìíràn wà nínú omi gan-an bí ẹsẹ̀ ẹyẹ tó ń pẹja. Olúkúlùkù ẹni tó ní àga fi okùn yí tirẹ̀ ká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Ìlaròó, àwọn èèyàn wá láti òdìkejì bọ́dà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àga háyà sì ń fà wọ́n lápá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bọ́ síbí! Tiwa ló súnmọ́ omi jù!"

"Ẹ má dá a lóhùn, àga ẹ̀ máa ń ya ṣòkòtò!"

Ẹnì kan tilẹ̀ ń fi Faransé pe àwọn ará Kutonu pé kí wọ́n wá jókòó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọjà ti kúrò lójà, ó ti wá sódò.

A rí ààyè kan láàárín agboòrùn méjì, kò fẹ̀ ju ìró aṣọ kan lọ. Mo tẹ́ ẹní síbẹ̀. Toheebat kò tíì gbé ìyá rẹ̀ jókòó tán tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi dé.

"Màmá, ẹ kú ọdún o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ẹní yẹn. Ààyè oníbàárà ni."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. "Oníbàárà dà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Bí wọ́n bá dé, a ó sún fún wọn."

"Màmá, ẹni tí kò bá háyà àga kì í jókòó níbí mọ́. Ọ̀gá wa ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Lọ pe ọ̀gá rẹ wá."

Ọ̀gá dé. Ó wọ awò dúdú, ó gbé fóònù méjì lọ́wọ́. Àfi bó ṣe ṣí awò: Sàláúdéènì ọmọ Asiyah! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn níwájú wa. Ó kí mi, ó kí Jẹ̀mílátù, ó kí gbogbo ẹgbẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Kò gbàgbé láti béèrè àwọn ìyàwó ilé wa. Ó gba ẹ̀kọ́ ilé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí yẹn, àárín àwa àti omi ni.

Mo ní, "Sàláú, dìde, ọmọ mi. Sọ fún àwọn wọ̀nyí kí wọ́n sún àga díẹ̀. A fẹ́ pe orúkọ wa, ká máa lọ."

Ó fọwọ́ họ orí. "Màmá, ẹ ò ní bínú. Ọjọ́ ọdún ni. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹní, gbogbo ayé á gbé ẹní wá."

"Ẹní ni gbogbo ayé ń gbé wá tẹ́lẹ̀, kí o tó gbé àga dé."

"Ayé ti yí, Màmá."

Ó rẹ̀ mí. Mo fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn àga kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Búlúù ni wọ́n kùn ún, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń bó ọ̀dà náà. Ọwọ́ mi kò lè gbé jẹ́ẹ́, mo ń fi èékánná ha á. Ohun aláwọ̀ ewé kan yọjú. Mo tún ha á. Ẹnu búta ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni mo rí ikùn rẹ̀. Mo kọjá sí àga kejì, mo ha á. Búta. Ẹ̀kẹta, búta.

Mo pariwo, "Ẹ̀yin ìyá! Ẹ wá wò ó! Àwọn àga wa tó fọ́ ti jí dìde o!"

Wọ́n pagbo. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń sọ pé "Sùbùhánà-Lọ́ọ̀hì." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó lórí àga náà dìde, wọ́n ń wo ìdí ara wọn bí ẹni tó jókòó lé ẹyin.

Sàláúdéènì fi ara bò mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ má ṣe báyìí níwájú oníbàárà. Ẹ̀yin ò lò wọ́n. Èmi ni mo ń tún wọn ṣe, èmi ni mo ń kùn wọ́n."

"O kun búta wa pa."

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé. Màmá Jẹ̀mílátù ò gbádùn, mo mọ̀. Màá gbé àga kan fún wọn létí omi gan-an. Ọ̀fẹ́. Kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tó kù dúró lókè."

Jẹ̀mílátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ojú sókè láti èjìká ọmọ rẹ̀.

"Sàláú."

"Mà."

"Àga tí mo rà ni o fi ń ṣàánú mi?"

Ó gbé awò dúdú rẹ̀ wọ̀ padà.

"Bí mo bá jókòó nísàlẹ̀ níbí, táwọn wọ̀nyí wà lókè lọ́hùn-ún, ta ni yóò pè mí? Ṣé ìwọ?" Ó yí ojú sí mi. "Mẹ̀dínátù, ká ẹní ẹ."

Mo ní kí Sàláúdéènì kúkú pa sípíkà fún wa, ní ìwọ̀n orin kan péré. Ó ní bí òun bá pa á, oníbàárà òun á ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò pa tirẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

A gòkè padà. Ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan, níbi tí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà dúró sí, ni a tẹ́ ẹní sí. A kò rí omi níbẹ̀. Ẹ̀yìn agboòrùn ni a ń wò. Mo ní n kò ní jẹ́ kí ọjọ́ náà bàjẹ́. Mo gbé e pẹ̀lú gbogbo agbára mi:

*Jẹ̀mílátù o, ṣé o wà ńlé?*
*Odò ń ṣàn, ṣé o wà ńlé?*

Ẹnu rẹ̀ mì. Iṣan ọrùn rẹ̀ nà. Mo rí ahọ́n rẹ̀, mo rí omi lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n sípíkà ń lù gbì gbì gbì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo ojú àwọn tó kù. Wọn kò gbọ́. Ó sì parí rẹ̀, ó pa ẹnu dé.

Nínú kẹ̀kẹ́, ó fi ìgúnpá gún mi. "Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Mo ní, "A gbọ́ o! Ohùn ẹ ti fi odò sílẹ̀, ó ti dé Kutonu."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òpùrọ́. Èmi gan-an ò gbọ́ ara mi."

A gbé ọ̀rọ̀ àga lọ síwájú àwọn àgbà àdúgbò. Wọ́n gbọ́ tẹnu wa, wọ́n gbọ́ ti Sàláúdéènì. Wọ́n ní ọmọ wa ni, ká fi sùúrù sí i, bí a bá bú ọmọ Asiyah, Asiyah la bú. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dìde, mo wo ẹ̀yìn àga tí wọ́n fi jókòó dá ẹjọ́ náà. Búlúù ni. Ẹ̀bùn ọdún ni Sàláúdéènì fi ṣe fún wọn.

Òjò kò tíì rọ̀ dáadáa tí Jẹ̀mílátù fi lọ.

Ọjọ́ fídáù rẹ̀, Sàláúdéènì kó àga wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní Màmá òun ni. Ó tún kùn wọ́n lọ́dà, wọ́n ń dán yanran. Àwọn ọkùnrin jókòó. Àwa ìyá tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó gbé àga kan wá bá mi, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbí."

Mo ní, "Gbé e padà, ọmọ mi. Ilẹ̀ yìí dára. O kò tíì fi okùn yí i ká."

Ààfáà ń ṣàdúrà lọ nígbà tí fóònù Sàláúdéènì dún. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bọ́ọ̀sì méjì láti Ìlaròó? Wọ́n ti dé odò? Ẹ dá wọn dúró, mò ń bọ̀." Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń dìde níkọ̀ọ̀kan láti kí Toheebat, ló ń fa àga tí wọ́n fi sílẹ̀, ló ń tò wọ́n lé ara wọn. Gbà. Gbà. Gbà.

Kò sí sípíkà lọ́jọ́ náà. Ilé dákẹ́. Mo gbé e:

*Jẹ̀mílátù o, ṣé o wà ńlé?*

Àwọn ìyá dá a lóhùn láti orí ẹní, gbogbo wọn, gànràn-gànràn, tí ẹnikẹ́ni tó wà lójú pópó lè gbọ́:

*Ó wà o, ó wà lọ́kàn wa.*

Sàláúdéènì gbọ́. Ó gbé ojú sókè, ó wò wá, ó tẹríba. Lẹ́yìn náà ó fa àga mìíràn.