Àlẹ̀mọ́ Àná

Láti nǹkan bí aago méje ni àyà Carleen Brekke ti ń já. Ó nu tábìlì tó ti mọ́, ó tún un nù. Ó jókòó, ó dìde. Ó mu omi, omi náà kọ̀, kò balẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ìdánwò ló ń dààmú òun.

Ìdánwò náà ni ìkẹta, kò sì sí ìkẹrin. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kékeré yìí ní North Dakota: ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò sì gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni lóògùn àfi tí nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ọ bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Verna, ẹnì kan ṣoṣo tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ń fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì. Bí Carleen bá tún kùnà, wọ́n á kó àwọn arúgbó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ sí ìlú Minot, wọ́n á sì ti ilé náà pa.

Nígbà àkọ́kọ́, ó fọwọ́ síwèé pé Ìyá Hjelm, ọ̀kan lára àwọn arúgbó náà, ti lo oògùn kí ìyá náà tó gbé e mì. Nígbà kejì, kò ka orúkọ tó wà lára páálí oògùn, torí pé ó rò pé òun mọ páálí náà dáadáa.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Delphine Azure wọlé, ó ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀. Carleen dàgbà tó ẹni tó lè bí i lọ́mọ.

“Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ti ṣetán?”

“Mo ti ṣetán láti àná. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò tíì gbà.”

“Ó dáa. Látìgbà tí ẹ bá ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn títí tí ẹ fi máa fọwọ́ síwèé, n ò ní sọ nǹkan kan o. Àfi tí ẹ bá fẹ́ pààyàn.”

Ọ̀dọ̀ Baba Orville Tollefsrud ni wọ́n lọ. Ọgọ́ta ọdún ni baba náà fi mu sígá nídìí ọkọ̀ tó fi ń kó ọkà. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tó ti ń lo àlẹ̀mọ́, oògùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, tí agbára tábà inú rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ sígá má baà pa á. Láràárọ̀, wọ́n á ṣí ti àná kúrò, wọ́n á lẹ tuntun mọ́ ibòmíràn. Aago mẹ́jọ ni àkókò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́sàn-án.

Carleen fi ìka rẹ̀ márààrún ka ohun tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò: ẹni, oògùn, ìwọ̀n, ọ̀nà, àkókò. Ó ka ìwé, ó ka páálí, ó tún ka ìwé.

“Baba, kí ni orúkọ yín?”

“Ìwọ tó o wọ ṣòkòtò fún mi láàárọ̀ yìí?”

“Ẹ ṣáà sọ ọ́.”

“Ọba Norway.”

“Baba!”

“Orville Tollefsrud. Kọ ọ́ sílẹ̀, kó o má baà tún gbàgbé lọ́la.”

Ó wọ ibọ̀wọ́, ó ká ẹ̀wù baba sókè. Ẹ̀yìn èjìká òsì ni ìwé sọ pé àlẹ̀mọ́ àná wà. Kò sí níbẹ̀. Ojú ibi tó wà ló kù, ó pọ́n, ó ní igun mẹ́rin. Ó wo èjìká ọ̀tún, ó wo àyà, ó wo ikùn. Kò sí.

“Ó ti já bọ́ nìyẹn,” ni baba wí. “Lẹ tuntun mọ́ mi jàre. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.” Ó ṣẹ́jú sí nọ́ọ̀sì.

Delphine kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Bíróò rẹ̀ dúró lórí ìwé.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Carleen mọ̀ pé àlẹ̀mọ́ kò dà bí hóró oògùn téèyàn gbé mì tó sì parí. Bó bá lo odindi ọjọ́ kan lára, agbára ṣì ń kù nínú rẹ̀. Tí ti àná bá wà níbì kan lára baba tí òun kò rí, tí òun sì lẹ òmíràn, méjì ni yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára.

“Ẹ dúró ná, Baba. Mi ò lè lẹ tuntun láìrí ti àná.”

Ó ṣí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọn ìrọ̀rí, ó yí ìbọ̀sẹ̀ baba síta, ó tú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. Yìnyín ń bọ́ níta, òógùn sì ń bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ìrọ̀rí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ru sókè, ó sáré wọ balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Kò bì. Ó bọ́ ibọ̀wọ́, ó fa apá súwẹ́tà rẹ̀ sókè kó lè bọ́jú. Òun nìyẹn, nínú ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀: àlẹ̀mọ́ pẹlẹbẹ, ọjọ́ àná lára rẹ̀, tí Verna fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ó wá yé e. Láàárọ̀ yẹn, láago mẹ́fà ààbọ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ki ọwọ́ lásán sẹ́yìn èjìká baba láti gbé e dìde; ibẹ̀ ni àlẹ̀mọ́ náà ti bọ́, tó lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni òtútù mú un, tó wọ súwẹ́tà lé e. Ó ti lé ní wákàtí méjì tí tábà ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí kò mu sígá rí. Ìdánwò kọ́ ló ń lé àyà rẹ̀ kiri.

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó lè ká a sọ́wọ́, kó jáde, kó ní àárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ta ni yóò mọ̀? Ọ̀rọ̀ parí, wọn ò ní ti ilé pa. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n á kọ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀dì kì í sì í ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni kò ní ṣọ́ra. Lọ́la, ẹlòmíràn á tún ki ọwọ́ lásán sẹ́yìn èjìká baba.

Ó jáde, ó na apá síwájú.

“Mo ti rí i.”

Baba Orville la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. “Olè! Wọ́n gba sígá mi, o tún wá jí ìwọ̀nba tó kù!”

“Ẹ jókòó,” ni Delphine wí. Ó di ọrùn ọwọ́ Carleen mú, ó ń wo aago.

“Ṣé mo ti kùnà?”

“Mò ń kà. Ẹ má dà á rú mọ́ mi lójú.” Ó ka bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan tán. “Ọgọ́fà ó dín méjì.” Ó wọ ibọ̀wọ́, ó ṣí àlẹ̀mọ́ náà, ó ká a kí ojú tó ń lẹ̀ bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Omi lásán ni kí ẹ fi ṣan ibẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ kàn án, ọṣẹ á jẹ́ kí èyí tó kù tètè wọlé.”

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta. Carleen ṣan apá rẹ̀, ó padà wá, ó mú bíróò láti kọ ọjọ́ òní sára tuntun kó tó lẹ̀ ẹ́. Bíróò náà ń jó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi yìí kò ṣeé fún ènìyàn lóògùn.”

Ó dùn ún láti sọ ọ́. Delphine kọ ọjọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká ọ̀tún, ó fàtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dì mú, ó sì fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé mìíràn jáde fún Carleen, èyí tí wọ́n fi ń ròyìn àṣìṣe. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó fara gbá, Carleen kọ orúkọ ara rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ.

“Oògùn Ìyá Hjelm wà láago méjìlá,” ni Delphine wí. “Mo máa dúró. Tí àyà yín bá ti balẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa parí ìdánwò yín.”

Láago méjìlá, lílù àyà rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Carleen ká apá aṣọ méjèèjì sókè, ó yẹ ara rẹ̀ wò kó tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá Hjelm gbé oògùn mì, ó la ẹnu, Carleen wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ìgbà náà ló tó fọwọ́ síwèé. Bó ṣe gbé bíróò sílẹ̀ ni Delphine mú un, òun náà fọwọ́ sí ìwé Carleen: ó ti yege.

“Carleen!” Baba Orville ń pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ṣé o bi Ìyá Hjelm ní orúkọ rẹ̀?”

“Mo bi í!”

“Kí ló pe ara rẹ̀? Ayaba Norway?”