Íǹṣì Méjì Péré

Ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn lára Bàbá Má-kánjú. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀, níbi tó ti ń fi ìka tọ ojú àpá irin bí ẹni ń ka lẹ́tà. Awakọ̀ tó gbé ọkọ̀ náà wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń retí kí mẹkáníìkì àgbà náà sọ̀rọ̀. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Abájọ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Má-kánjú.

"Apá òsì lo gbà sọ̀ kalẹ̀," ohùn kan wá láti abẹ́ ọkọ̀. "O ń sáré. Ẹrù sì wà lẹ́yìn."

Ẹnu ya awakọ̀. Kò tíì sọ ohunkóhun fún bàbá yìí ju pé òun fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé ọkọ̀ òun ga sí i.

"Èèyàn ni, Bàbá," ó wí. "Kì í ṣe ẹrù."

Ó wá ròyìn. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni píkọ́ọ̀pù náà ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni agbẹ̀bí ibẹ̀, òun sì ni awakọ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti jọ ń gun òkè lọ gbé àwọn aboyún tí ọkọ̀ mìíràn kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Lásìkò òjò tó kọjá, wọ́n ń gbé obìnrin kan tó ń rọbí bọ̀, àfi gbàù láàárín odò. Òkúta gbá abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ sì há, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni omi ń kún. Ẹ̀yìn ọkọ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbẹ̀bí ọmọ náà, nígbà tí òun wà nínú omi dé ìbàdí, tó ń fi igi ti ọkọ̀. Ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Òjò mìíràn sì ti ń bọ̀. Nígbà tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun fẹ́ gbé ọkọ̀ ga débi tí òkúta kankan kò ti ní fara kàn án mọ́, obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó ní àbúrò òun ló mọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí awakọ̀ fẹ́ wà lórí tábìlì: sípíríǹgì pupa fòò mẹ́rin tó ga gègèrè, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó ń dán bíi dígí. Íǹṣì mẹ́fà ni wọn yóò fi gbé ọkọ̀ ga. Àwọn dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kúkúrú, aláìlẹ́wà, tí gíríìsì ti bò. Íǹṣì méjì péré ni ti àwọn yẹn. Awakọ̀ kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Má-kánjú yọ jáde, ó nu ọwọ́, ó sì béèrè bí àwọn aboyún ṣe ń wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Awakọ̀ ṣàlàyé pé wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé irin ìgùnkè, ẹ̀gbọ́n òun á fà wọ́n, òun á sì tì wọ́n díẹ̀. Bàbá mú igi ìwọ̀n, ó gbé e ró, ó sì fi àtàǹpàkò sámì sí ibi tí irin náà yóò wà tí wọ́n bá fi íǹṣì mẹ́fà kún un.

"Obìnrin tó ń rọbí ló máa gbẹ́sẹ̀ débí?"

Awakọ̀ ní òun á jó irin mìíràn mọ́ ọn. Bàbá mi orí. Ó tún béèrè ọ̀rọ̀ kọ́nà kan lójú ọ̀nà òkè náà, níbi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀ sí apá àfonífojì. Ó ní bí ọkọ̀ bá ṣe ń ga sí i ni yóò ṣe máa yá a lára láti dojú dé níbẹ̀. Awakọ̀ mọ kọ́nà náà dáadáa. Bí ọkọ̀ ṣe mọ níwọ̀n yìí pàápàá, kì í mí títí yóò fi kọjá ibẹ̀.

"Òkúta wá ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá pè é wá sábẹ́ ọkọ̀. Ó tọ́ka sí sípíríǹgì ẹ̀yìn, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ. Ti ọkọ̀ yìí ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fi hàn án pé ẹ̀yìn ni gbogbo àpá wà, kò sí ẹyọ kan níwájú. Ọkọ̀ kò kúrú nígbà tí wọ́n rà á. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Bàbá fi ìka wọn bí àpá tó jìn jù lọ ṣe jìn tó, ó ṣírò rẹ̀ sókè, ó ní bí àwọn bá dá gíga tó ti sọnù padà fún un, tí àwọn sì fi íǹṣì méjì kún un, òkúta yẹn kò ní fojú kan abẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni awakọ̀ ti fi ń wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí, tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì, kò rí ohun tí bàbá yìí rí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú pé irú ọwọ́ báyìí ló bọ́ sí. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ tún yà sọ́dọ̀ àwọn pupa.

Bàbá rí i. Kò rẹ́rìn-ín.

"Lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn," ó wí. "Èmi ni mo fẹ́ wà á."

Awakọ̀ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ àwọn aboyún. Bàbá wa ọkọ̀ lọ sórí ilẹ̀ gbágungbàgun tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò sì sáré rárá. Kòtò àkọ́kọ́ ju awakọ̀ sókè. Èkejì fi èjìká rẹ̀ gbá pákó. Ó dìde jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó nawọ́ wá ohun tó lè dì mú, ó sì rí irin kan lára ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Gbogbo irin náà ló ní ọ̀dà, àfi ojú ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó ti họ tó ń dán. Aboyún tó dùbúlẹ̀ kò lè nawọ́ débẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbi ẹsẹ̀ wọn nìkan ló lè dì í mú.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Bàbá wá dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ibo ló ń dùn ọ́?"

"Gbogbo ara." Ó ṣì di irin náà mú. "Bàbá, ibí ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sí."

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ pupa mọ́. Bàbá ṣa àwọn dúdú, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń padà sípò. Ó ju méjì sápá kan: ó ní àwọn yẹn le jù, ọkọ̀ tó ń kó síméńtì ni wọ́n wà fún, wọn ò mọ èèyàn gbé. Lẹ́yìn náà ló gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ó ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà láìfi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan, ọ́ìlì díẹ̀, sùúrù díẹ̀, títí yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó ku kí ó dè wọ́n pinpin, ó gbé ọkọ̀ sọ̀ sílẹ̀, ó sì lọ pe àwọn káfíńtà méjì ní ṣọ́ọ̀bù kejì pé kí wọ́n wá jókòó sẹ́yìn. Ó ní abẹ́ ìwúwo èèyàn ló yẹ kí wọ́n ti de irin tó máa gbé èèyàn. Èyí tó sanra jù nínú wọn ló fi sí ipò aboyún. Ọkùnrin náà di ikùn rẹ̀ mú, ó ní kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́, ìbejì ni. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wọn ọkọ̀ lọ́wọ́, ìgbà kẹta nìyẹn. Ara awakọ̀ kò sì wà lọ́nà mọ́.

Nígbà tí wọ́n parí ní ọ̀sán, káfíńtà kejì, tí kò mọ ìgbà tí wọ́n de irin kankan, béèrè bóyá wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Obìnrin méjì ló ti gbẹ̀bí fún láti àná, kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀. Aboyún kan wà lókè tí oṣù rẹ̀ ti pé, kò tíì rọbí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹ̀gbọ́n náà wo ọkọ̀ fìrí, ó sì wọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n gbé aboyún náà, wọ́n sì ń bọ̀. Nínú odò, omi ń gbá táyà, kò sí ohun tó gbá abẹ́ ọkọ̀. Ó yẹ kí inú awakọ̀ dùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í dákẹ́ lójú ọ̀nà yìí: rọra, dúró ná, yà fún un. Wọ́n gba kọ́nà kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n kọjá ibi tí àgbàrá ti bẹ́ ọ̀nà, kẹ́kẹ́ pa. Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Aboyún náà ti fi ìka lé ètè.

"Ẹ má jí wọn," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Ó ń hanrun. Nínú ọkọ̀ yìí, awakọ̀ ti rí i tó ń jẹun, ó ti rí i tó ń gbàdúrà, ó ti rí i tó ń sunkún. Kò rí i kí ó sùn rí. Ṣe ló ti gbà pé ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án.

Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Nígbà tó dé iwájú ilé ìgbẹ̀bí, kò fọn fèrè, kò sì pa ẹ́ńjìnnì. Ó bojú wẹ̀yìn láti ojú fèrèsé kékeré tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Aboyún náà wo ẹni tó ń sùn, ó wo awakọ̀, ó sì fi ọwọ́ yí róbótó nínú afẹ́fẹ́ pé kí wọ́n tún lọ yí ká.

Awakọ̀ yí ọkọ̀ padà, ó tún gba títì lọ.