Àpò Tí Ṣìkẹ́mi Ń Gbé Jáde

Nígbà tí àpò ìrẹsì náà kọ́kọ́ jáde nílé lórí ẹ̀yìn Ṣìkẹ́mi, Rèbékà rò pé ẹja gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé lófìfo, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ ọjà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Rèbékà ni ìyá ọkọ Ṣìkẹ́mi. Kingsley ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Wárí, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Àwọn obìnrin méjèèjì àti Gift, ọmọdébìnrin tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ni wọ́n jọ ń gbé nínú ilé pákó tó kángun sí òkun jù lọ ní Ayétòrò. Àwọn ilé tó wà níwájú tiwọn tẹ́lẹ̀ ti bá omi lọ. Eékún Rèbékà méjèèjì ti wú, ọ̀pá ló fi ń rìn, àtẹ̀gùn ilé sì ti di ìṣòro fún un.

Ẹni tó bá ti gbé etí òkun yìí pẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń kó kúrò. Wọn kì í kéde. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù, ìkòkò lónìí, páànù lọ́la, títí di òwúrọ̀ tí aládùúgbò yóò jí bá òpó ilé nìkan ní ìdúró. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò Rèbékà ṣe kó lọ sí Igbókòdá láìdágbére. Nítorí náà, bí àpò ṣe ń jáde ní kíkún tó sì ń padà lófìfo, ó gbà pé òun mọ ohun tí òun ń wò. Ìyàwó ń kó lọ. Yóò mú Gift dání, yóò sì fi òun nìkan sílẹ̀ fún òkun.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni àpò ń jáde. Bí Ṣìkẹ́mi bá gbé e lónìí, ọwọ́ òfo ni yóò fi jáde lọ́la, ṣùgbọ́n eré ni yóò máa sá. Yóò wọ ṣòkòtò Kingsley kan, yóò kọrí sí ọ̀nà pákó tó la àárín ilé kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa dún gbì gbì títí Rèbékà kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Á padà dé pẹ̀lú òógùn, á máa mí gúlegúle. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Níbo lo lọ?" Rèbékà bi í.

"Mo lọ na ẹsẹ̀ ni, Ìyé."

"Ẹsẹ̀ tí o fi ń rìn láàárọ̀ títí dalẹ́, kò tíì nà?"

Ṣìkẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó lọ wẹ̀. Ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ Rèbékà nínú.

Lọ́sàn-án, nígbà tí Ṣìkẹ́mi wà nídìí iná tó ń yan ẹja, Rèbékà ṣí àpótí ìyàwó wò. Ìró rẹ̀ pé. Ìkòkò pé. Àwọ̀n Kingsley wà lórí ìṣó. Kàkà kí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹ̀rù tún bà á sí i. Kí ló wà nínú ilé yìí tí òun kò mọ̀, tó ń kún odidi àpò?

Màmá Promise, tó ń ta kẹrosíìnì lójú ọ̀nà pákó, tún fi tirẹ̀ kún un.

"Ìyá Kingsley, mi ò fẹ́ da ilé onílé rú o. Mo rí ìyàwó yín pẹ̀lú tíṣà Báyọ̀, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá. Ó ń fi bí wọ́n ṣe ń lóṣòó tí wọ́n sì ń dìde hàn án."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìlóṣòó ṣe?"

"Èmi ò mọ̀. Àmọ́ ọmọkùnrin náà lẹ́wà."

"O wò ó dé ibẹ̀."

"Ṣé kí n di ojú ni?"

Nígbà tó tún di ọjọ́ àpò, Ṣìkẹ́mi fi Gift sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Promise, ó sì kọjá lọ. Rèbékà fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó mú ọ̀pá, ó tẹ̀ lé e. Ó ń dúró, ó ń sinmi, títí ó fi dé èbúté lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Ṣìkẹ́mi lóṣòó pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, ó dìde. Ó tún lóṣòó, ó tún dìde. Ó sinmi, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó tú àpò náà sílẹ̀. Iyanrìn ló dà jáde, sórí òkìtì iyanrìn mìíràn.

Rèbékà jáde. "Ta lo ń kọ́lé fún?"

"Ìyé? Báwo lẹ ṣe dé ibí?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ṣé ìwọ àti Báyọ̀ lẹ fẹ́ kọ́ ọ?"

Ṣìkẹ́mi jókòó sórí ọkọ̀.

"Ẹ rántí ọ̀sán tí òkun gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo so Gift mọ́ àyà, mo pọ̀n yín. Níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Promise ni mo ṣubú."

Rèbékà rántí. Àwọn apẹja tó ń sá lọ ló gbé òun dé ibi ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò sọ ọ́ láàárín ara wọn.

"Iyanrìn tí òkun dà sábẹ́ ilé wa ni mo ń gbé," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Ẹrù nìkan ni mo kọ́kọ́ ń gbé. Ẹ̀yìn mi le, àmọ́ èémí mi kò tó mi dé èbúté. Tíṣà ní kí n fi eré sísá kún un, kí n má ṣe ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kí ibi tí ẹrù bá ti dùn mí lè sinmi. Eré lónìí, ẹrù lọ́la, kí n sinmi lọ́jọ́ Ìsinmi."

"O ò sì lè sọ fún mi?"

"Kí n ní kí ni? Pé mo ń wọn iyanrìn kó lè wúwo tó ìyá ọkọ mi?"

Rèbékà wo òkìtì náà. "Mo wúwo tó yẹn?"

"Ẹ jù ú lọ, Ìyé. Mo ṣì ń fi kún un ni."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Rèbékà, ó gbé e mì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sá lọ náà lè sọ èyí tó dùn.

"Gbé mi," ó wí. "Láti ibí dé ilé. Kí n rí i."

Ṣìkẹ́mi lóṣòó bó ṣe ṣe sí àpò, ó gbé e. Rèbékà di ọrùn rẹ̀ mú, ó fetí sí èémí rẹ̀. Ó ń le, ṣùgbọ́n kò já. Nígbà tí wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀bù, Màmá Promise yọ jáde, àrọ lọ́wọ́.

"Kí ló ṣe yín, Ìyá Kingsley?"

"Kò sí ohun tó ṣe mí. Máa ta kẹrosíìnì ẹ."

Ní ìdí àtẹ̀gùn, Ṣìkẹ́mi sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò ṣubú. Rèbékà wò ó, ó sì rí i pé ìyàwó yìí kò lọ síbì kankan. Ìbéèrè mìíràn ló wá sí i lọ́kàn, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Bí o bá gbé mi, Gift ńkọ́?"

Ṣìkẹ́mi nu òógùn ojú rẹ̀. "Èyí ni mi ò tíì lè ṣe, Ìyé. Ẹ̀yin méjèèjì pọ̀."

Òkun ń dún lẹ́yìn ilé. Rèbékà gbé ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di igi àtẹ̀gùn mú, ó tẹ eékún rẹ̀ díẹ̀, ó sì rọra nà án padà. Ó dùn ún wọ egungun.

"Bi tíṣà yẹn bóyá ó ń kọ́ àgbà," ó wí. "Ṣùgbọ́n kó má wá sílé mi o. Èmi ò tíì fọkàn tán an."