Ọ̀rọ̀ Tí Mo Ní Kí Ọkọ Mi Yọ

Tí òjò bá rọ̀ ní Ajah, gọ́tà iwájú ilé wa á kún, omi á sì wọ pálọ̀ láìkanlẹ̀kùn. Orí búlọ́ọ̀kù ni fìríìjì mi ń gbé. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Ìdírísù, ọkọ mi, ní òun fẹ́ du ipò alága ẹ́sítéètì wa, kí wọ́n lè tún gọ́tà náà ṣe.

Ó kọ ohun tó fẹ́ sọ níbi ìpàdé sínú ìwé, ojú ewé mẹ́ta gbáko. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, ó sú mi: "Ẹ̀yin èèyàn mi ọ̀wọ́n."

"Dádì Màríàm," mo ní, "ẹ yọ ìyẹn. Gbogbo ẹni tó pè wá bẹ́ẹ̀, a ò rí wọn mọ́ lẹ́yìn ìbò."

Ó yọ ọ́. Mo ní kó yọ "ìdàgbàsókè" náà, torí ọ̀nà tí wọ́n gbé pátákó ìdàgbàsókè sí, kòtò àti pátákó ló kù níbẹ̀. "Àtúnṣe" ńkọ́? Tí wọ́n bá ti ní àtúnṣe ń bọ̀, owó iná ló máa ń lọ sókè. "Mo fẹ́ sìn yín" ló bí mi nínú jù. Ẹni tó sọ ọ́ fún wa kẹ́yìn, ọlọ́pàá mẹ́rin ló ń tì wá kúrò lọ́nà fún un.

Ọkọ mi wo ìwé, ó wò mí. "Kí ni mo wá fẹ́ sọ?"

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ọ̀gbẹ́ni Olúwalóṣèyí tí wọ́n jọ ń du ipò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó ṣe dé orí "ìdàgbàsókè", Àlájà Mùínàt tó jókòó níwájú gbé báàgì ẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó gbé e lé itan.

Ó kan Ìdírísù. "Ẹ káàsán o. Ìdírísù lorúkọ mi. Omi ń wọ ilé mi." Ó jókòó.

Àlájà ní, "Èyí ò tíì parọ́ fún wa." Ìdírísù ni wọ́n dìbò fún.

Nígbà tá a délé, mo ti ń yọ búlọ́ọ̀kù lábẹ́ fìríìjì kí n tó bi í pé ọjọ́ wo ni iṣẹ́ gọ́tà máa bẹ̀rẹ̀.

Ó tún fìlà ẹ̀ ṣe. "A máa kọ́kọ́ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tó máa gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò."

Mo dá búlọ́ọ̀kù padà, mo sì jáde lọ wá òmíràn kún un.