Ọ̀rá Eegun Lẹ́nu Ọ̀nà

Àjà kẹrin ni aránṣọ náà àti bàbá rẹ̀ ń gbé, nínú yàrá kan tí owó rẹ̀ tó owó odidi ilé níbòmíràn. Gbogbo nǹkan ló wọ́n bí ojú nílùú náà. Àwọn tó ń gbowó oṣù jù ú lọ ń fi búrẹ́dì gbígbẹ sùn, ṣùgbọ́n òun àti bàbá rẹ̀ kì í jẹ ìjẹkújẹ. Bó ṣe ń gé aṣọ ló ṣe ń se oúnjẹ: kò sí ègé tó gbọ́dọ̀ ṣòfò. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí àwọn alápatà bá ń palẹ̀ mọ́, á lọ gba eegun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Á kó o pọ̀ mọ́ ìdí àlùbọ́sà àti igi ewébẹ̀ nínú ọ̀rá kan, á ta á ní kókó méjì, á gbé e sínú yìnyín fíríjì. Ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn, kọ lẹ́tà ránṣẹ́: “Mo ń bọ̀ wá wo ohun tí Bàbá ń jẹ. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá mú wọn lọ.” Kì í sọ ohun tí kò ní í ṣe. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, bàbá yìí nìkan ni aránṣọ ń bá jẹun. Tó bá lọ, ó ku òun àti maṣíìnì.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n dé, aránṣọ wà níbi iṣẹ́, Bàbá sì wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Alájọgbélé kan ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀gbọ́n gbálẹ̀, ó nu fèrèsé, ó ṣí fíríjì. Ó rí ọ̀rá eegun, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà fún akólẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn ni aránṣọ ti pàdé akólẹ̀. Kókó méjì ló fi dá ọ̀rá rẹ̀ mọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èyí.”

“Ilẹ̀ ni o.”

“Ọbẹ̀ ni.”

“Ọbẹ̀ kẹ̀? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kólẹ̀, ẹnì kan ò gbà á padà lọ́wọ́ mi rí. Ẹ gbà. Tó bá jinná, ẹ pè mí.”

Kókó kò tú, yìnyín kò sì tíì yọ́ tán.

Nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n ti ń ká aṣọ Bàbá sínú báàgì.

“Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ìdọ̀tí tí mo kó jáde lo tún gbé wọlé? Ó tán! Bàbá ń bá mi lọ láàárọ̀ ọ̀la.”

“Àkọ́bí mi,” Bàbá, tó ti ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé, wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, “o ti di ẹrù tán, o ò tíì bi ẹlẹ́rù bóyá ó ń lọ.”

“Bàbá, ẹ ò rí bí ẹ ṣe rù ni?”

“Irùngbọ̀n ni wọ́n fá.”

Aránṣọ kò bá a jiyàn. “Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká jẹun ná, Ẹ̀gbọ́n mi. Tí a bá jẹun tán, ohun tí ẹ bá wí náà ni.”

“Mo ti sun adìẹ wá fún Bàbá. Èmi ò ní í jẹ nǹkan inú ọ̀rá.”

Aránṣọ ṣan eegun. Ó yan án nínú ìkòkò gbígbẹ títí ó fi pọ́n, ó bu omi sí i, ó dín iná kù. Ó ń ré ìfófòó orí rẹ̀ dànù. Nígbà tó yá, ó sẹ́ ẹ, ó dá eegun padà sínú omi rẹ̀, ó fi ata gbígbẹ àti ìrẹsì wẹ́wẹ́ sí i. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí fèrèsé.

Bàbá jẹ adìẹ. “Ó dára. Ó kàn gbẹ díẹ̀ ni.” Lẹ́yìn náà ló fa àwo ọbẹ̀ mọ́ra, tó ń fa mùdùnmúdùn inú eegun.

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí.

“Bù díẹ̀ síbí,” ló wí, “kí n fi tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò.”

Àwo méjì ló fi tọ́ iyọ̀ wò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun nìkan ló wọ bọ́ọ̀sì. Aṣọ Bàbá ti padà sínú àpótí. Aránṣọ ṣí fíríjì, ó bá ọ̀rá kan nínú yìnyín: eegun adìẹ àná ni, wọ́n sì ta á ní kókó kan.

Ó fi ìkejì lé e.