Ilẹ̀kùn Yàrá Tútù

Wọ́n ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Irọ́ ni o! Ẹni tó sọ ọ́ kò sí níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ìyá méjì, ẹ̀gbọ́n obìnrin àti àbúrò ọkùnrin, fẹ́ pa ara wọn nítorí tòmátì.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ ṣe kò kúkú burú. Ó ti sú u pé kí àgbẹ̀ ṣe wàhálà gbin tòmátì, kí ìdajì rẹ̀ sì rà sójú ọ̀nà nínú apẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tó wà lókè ń tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ fọ́. Ló bá kọ́ yàrá tútù tí ẹ̀rọ ń mú tutù bíi fìríìjì, ó fi kéréètì oníke líle rọ́pò apẹ̀rẹ̀. Ó pe àgbẹ̀, ó pe awakọ̀, ó pe àwọn alásè ńlá, wọ́n jọ ṣètò bí tòmátì yóò ṣe máa ti oko dé ìdí ìkòkò láì bàjẹ́.

Àwọn alápẹ̀rẹ̀ tó ń fi èjìká rù ú látijọ́ nìkan ni kò pè. Àbúrò rẹ̀ sì ni olórí wọn. Ta ló ń pe ọmọ ìyá ẹni sípàdé bí àlejò? Lójú tiẹ̀, ohun tó bá jẹ́ tòun, ti àbúrò náà ni. Họ́wù! Ta ló sọ fún àbúrò? Ohun tí òun rí ni pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ń kọjá, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn òun sì jókòó, wọ́n ń pa eṣinṣin.

Ni wọ́n bá kó àdá àti irin dé ìdí yàrá tútù. Wọ́n fọ́ kéréètì yángá. Awakọ̀ ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Irin bá a láàárín orí, ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. "Yéè! Ẹ ti pa ọmọ ọlọ́mọ!" Ẹ̀gbọ́n ló kígbe, ó fò mọ́ onírin náà, ó bù ú jẹ létí títí ẹran fi já sí i lẹ́nu. Ẹnìkan gbá a nípàá níkùn. Ó dìde, ó la kéréètì mọ́ onítọ̀hún nímú.

Àbúrò kò bá wọn dá sí i. Ẹnu ọ̀nà yàrá tútù ló gbà lọ, ó fẹ́ fi àdá gé wáyà ẹ̀rọ, gbogbo ìkórè àwọn àgbẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sáré sí i, ó wọ́ ọ jáde, ó fèjìká ti ilẹ̀kùn irin náà. Àbúrò di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ìka rẹ̀ wà níbi tí ilẹ̀kùn yóò ti pa dé.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò!"

"Mi ò gbé e! Ìwọ, wá pa mí!"

Ìwọ! Látìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, "ẹ̀yin" ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dun ẹ̀gbọ́n ju ìgbájú lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó rí ọwọ́ náà. Ó rí i kedere, ó sì ju gbogbo ara lé ilẹ̀kùn.

Igbe àbúrò pa gbogbo ìjà. Ìka rẹ̀ kan ti gé bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ju àdá nù, wọ́n fọwọ́ lérí. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó fa ìborùn rẹ̀ ya, ó fi ń di ọwọ́ náà.

"Dákun, ọmọ ìyá mi. Ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe olórí àwọn tí yóò máa kó kéréètì. Ààyè rẹ wà níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fi í sọ́kàn."

Àbúrò wo ìka rẹ̀ nílẹ̀, ó wá wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kí ló dé tí ẹ ò fẹnu sọ ọ́?"