Ọ̀sán Mànàmáná ní Sorghum Bowl

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ti gbá nínú Sorghum Bowl ọdún náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìparí ọdún ti bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù láàárín yunifásítì, ní ìlú Beaumont, kí mànàmáná tó kọ lẹ́yìn pápá, tí rẹfirí sì fun fèrè pé kí gbogbo ènìyàn wọlé. Òfin wọn ni pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó padà sórí pápá. Bí òmíràn bá kọ kí ọgbọ̀n ọ̀hún tó pé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí òdo.

Àwọn ọmọ Yunifásítì Harlan Fork, márùndínláàdọ́rùn-ún, tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wá láti Kánsáàsì, wá há sínú yàrá ìmúra kan lábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde.

Dalton Reinke, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, jókòó sí kọ̀rọ̀. Àwọn ló ń borí, nítorí náà kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń kó ìdààmú bá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni Kóòṣì Karsten, tó ti ń kọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta, ṣí lọ sí yunifásítì ńlá kan létí òkun ìwọ̀-oòrùn. Kò dágbére. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ló fi ránṣẹ́ sí wọn, ìlà mẹ́rin péré. Inú bí àwọn ọmọ náà débi pé wọ́n dojú fọ́tò rẹ̀ kọ ògiri. Ọjọ́ kẹta ni Karsten pe Dalton níkọ̀kọ̀ pé kó máa bọ̀ wá bá òun. Dalton sì ní òun gbà. Wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ títí Bowl yóò fi parí.

Ẹni tó jókòó tì í ni Otis Thibodeaux, géńdé tó ń ti bọ́ọ̀lù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láàárín ẹsẹ̀, tó sì máa ń yára gbéra dúró láàárín Dalton àtàwọn tó fẹ́ wó o mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti jọ ń ṣe é. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yìí ni àṣekẹ́yìn Otis. Bó bá di oṣù Kìíní, iṣẹ́ òrùlé kíkàn ló ń lọ ṣe lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Port Arthur. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, Màmá Earline, wà nínú pápá lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Kánsáàsì jìnnà jù fún un, kò rí ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì rí. Léraléra ni Otis ń lọ bi ọlọ́pàá pé ibo ni wọ́n kó àwọn àgbà sí. Ọlọ́pàá ní wọ́n wà lábẹ́ òrùlé ní òdìkejì pápá, pé kó lọ jókòó.

Mànàmáná kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Nígbà tó pé wákàtí kan àtààbọ̀, Kóòṣì Spivey, igbákejì tí wọ́n fi di ipò Karsten mú, dá fóònù tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wọn padà fún wọn kí wọ́n lè fọkàn àwọn ará ilé wọn balẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí Kip Lundgren, ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, fi gbójú kúrò lórí fóònù lódìkejì yàrá. Ẹnìkan ní ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún ló ti tú àṣírí náà.

"Dalton, ìwọ ni wọ́n ń sọ níbí pé o ń lọ bá Karsten?"

Dalton mọ̀ pé bí òun bá ní irọ́ ni, wọ́n á gba òun gbọ́ fún ọ̀sán yẹn. Kò lè sọ ọ́.

"Èmi ni," ló wí.

Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ fún ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Dalton wo ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá ṣì wà níbẹ̀. Àrá tún sán, ìgbìmọ̀ pápá tún bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tuntun. Otis nìkan ni kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìgbà wo lo gbà fún un?"

"Ó di ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí."

"A jọ jẹun Kérésì ní òtẹ́ẹ̀lì. Ò ń bá mi gé itan ẹlẹ́dẹ̀ sínú abọ́, gbogbo ẹ̀ wà níkùn ẹ."

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ."

"Ta ni wọ́n? Ọkùnrin tó sá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́?" Otis ò pariwo. "Ká ní o sọ fún mi, mi ò ní bú ẹ. Màá ṣì dúró níwájú ẹ lónìí."

Lundgren ní kí wọ́n fi ọmọ mìíràn ju bọ́ọ̀lù bí wọ́n bá padà sórí pápá, ọ̀pọ̀ sì gbè é lẹ́yìn. Kóòṣì Spivey fọwọ́ pa ojú rẹ̀, ó bi Otis pé kí ló rí sí i.

"Òun ni kó jù ú, Kóòṣì," ni Otis fèsì. "Màmá mi ò ríran dáadáa mọ́. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ tèmi àti tiẹ̀ nìkan ló há sórí. Ẹ má da nǹkan rú mọ́ ọn lójú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dalton ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bàtà so, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú. Ó ku mẹ́rin kó pé nígbà tí àrá mi ògiri. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan láti ìgbìmọ̀ pápá, tó wọ aṣọ òjò, fi wọlé, tó ní àwọn ti fagi lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà: kò sí ẹni tó borí, wọn ò sì ní tún un gbá.

Otis jókòó, ó ń tú báńdéèjì tó fi wé ìka, ṣùgbọ́n ó ti lẹ̀ mọ́ra, kò tú. Dalton lọ gba sìsọ́ọ̀sì lọ́wọ́ dókítà ẹgbẹ́ wọn, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

"Má gé mi lára o," ni Otis wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó gé e tán, Dalton ní ṣé kí òun bá a lọ kí Màmá.

"Rárá. O ò ní tẹ̀ lé mi débẹ̀." Ó gbé fìlà, ó jáde.

Láti inú bọ́ọ̀sì ni Dalton ti rí i tó kúnlẹ̀ sínú òjò níwájú kẹ̀kẹ́ náà, tí arúgbó ń fọwọ́ gbá èjìká rẹ̀ tí tìmùtìmù ààbò ṣì wà lórí rẹ̀, bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé. Awakọ̀ ní omi ti bo títì márosẹ̀, àwọn ò lè gbéra, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń pín búrẹ́dì ẹlẹ́ran láti iwájú. Lundgren ló kan láti nà án sí Dalton. Ó nà án sí i. Dalton ní ó ṣeun, Lundgren kọjú sí fèrèsé. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n jókòó báyẹn, àga ẹ̀gbẹ́ Dalton, tí Otis máa ń jókòó sí, sì ṣófo.